Kúlà olómi àbí ti afẹ́fẹ́: Ryzen 7 7700X nínú yàrá tí kò ní AC l'Óṣogbo

ỌmọÌlúAró:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa fi gé fídíò ìgbéyàwó nínú DaVinci Resolve (ètò ìgé fídíò) ni mo fẹ́ tò: Ryzen 7 7700X (processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà), motherboard B650 (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń jókòó lé), RAM 32GB, RTX 3060 (GPU, káàdì àwòrán). Render, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà sọ ohun tí wọ́n gé di fídíò tó parí, lè gba wákàtí méjì gbáko láìdúró. Kò sí kúlà (ohun tó ń mú processor tutù) nínú páálí 7700X, a ní láti rà á lọ́tọ̀. Yàrá tó máa wà kò ní AC, ẹ̀gbẹ́ títì ni, l'Ókè-Fìà, eruku ò sì jẹ́ ká sinmi. Tíná bá lọ, inverter 1.5kVA ló máa gbé e.

Ẹni tó fẹ́ ta ọjà fún mi ní olómi 240mm ni kí n rà, pé apá kúlà afẹ́fẹ́ ò lè ká ooru Nàìjíríà. Kéèsì mi gba kúlà tó ga tó 160mm, òkè rẹ̀ sì gba rédíétọ̀ 240mm (apá kúlà olómi tó ń tú ooru jáde). Èwo ni kí n mú?

WáyàDúdú:
Ẹni yẹn ń wá bí ọjà rẹ̀ á ṣe tà ni. Omi inú kúlà kì í ṣe omi fíríìjì. Afẹ́fẹ́ inú yàrá yín kan náà ni rédíétọ̀ máa fà. Bí yàrá bá wà ní 34°C lọ́sàn-án oṣù Kẹta, omi yẹn ò lè tutù ju 34°C lọ láéláé.

Ohun tí omi ń ṣe ni pé ó ń tètè gbé ooru kúrò lórí processor lọ síbi tí irin pẹlẹbẹ pọ̀ sí, ó sì máa ń pẹ́ kó tó gbóná. Ìyẹn dáa fún iṣẹ́ tó ń gbiná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó sì dáwọ́ dúró. Render oníwákàtí méjì ò rí bẹ́ẹ̀. Kó tó pé wákàtí kan, omi á ti gbóná dé ibi tó máa gbóná dé, ó wá ku bí rédíétọ̀ ṣe fẹ̀ tó àti bí fáànù ṣe ń fẹ́ sí.

7700X kì í fà ju 142W lọ bí ẹ ò bá fọwọ́ kan nǹkan kan nínú BIOS (ojú ètò motherboard). Kúlà afẹ́fẹ́ olópòó méjì tó ní páìpù bàbà mẹ́fà àti fáànù 120mm méjì, bíi Thermalright Peerless Assassin 120 SE, gbé e tẹ̀ríntẹ̀rín. Gíga rẹ̀ jẹ́ 155mm, ó máa wọ kéèsì yín. Ẹ ṣọ́ RAM o. Èyí tó bá ní irin gàgàrà lórí á ti fáànù iwájú sókè, 155mm á wá di 162mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlẹ̀kùn kéèsì ò ní í pa dé mọ́. RAM tí gíga rẹ̀ ò ju 34mm lọ ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ má sì jẹ́ kí 95°C bà yín lẹ́rù. AMD fúnra wọn ló ṣe Ryzen 7000 kó máa sáré títí tó fi kan ibẹ̀. Ègé tó ń gbóná nínú rẹ̀ kéré púpọ̀, ìdérí irin orí rẹ̀ sì nípọn, torí náà ooru ò ráyè jáde kíákíá, yálà omi ló gùn ún ni o, yálà afẹ́fẹ́ ni. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ra olómi ńlá tí wọ́n ṣì ń rí 90°C nínú HWiNFO64 (ètò tó ń fi ooru hàn). Owó kọ́ ló yanjú ìyẹn, BIOS ni: ẹ wọ Precision Boost Overdrive, ẹ mú Eco Mode 65W. Orúkọ ètò náà ni 65W yẹn; òpin iná tó ń fà gan-an á já láti 142W sí 88W. Ìyára tó máa sọnù nínú render ò tó nǹkan, bátìrì inverter yín náà á sì mí.

Sùúrù_PC:
Mo fara mọ́ Eco Mode, àmọ́ ẹ má fi olómi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ra Core i9-14900K tó lè fa 253W, tàbí Ryzen 9 7950X tó ń fa 230W, tó sì fẹ́ kó máa sáré tagbára tagbára, rédíétọ̀ 360mm ló tọ́ sí i. Fún 142W, èmi ò ní í náwó náà.

Bí ẹ bá ṣì máa rà á, bẹ́ ẹ ṣe máa dè é ló jà jù. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń wà nínú omi yẹn láti ilé iṣẹ́, á sì máa sá lọ síbi tó ga jù. Ẹ jẹ́ kí apá kan rédíétọ̀ ga ju pọ́m̀pù lọ. Tó bá jẹ́ pọ́m̀pù ló ga jù, á gbé afẹ́fẹ́ mì, ẹ ó máa gbọ́ gburugburu, kò sì ní í pẹ́ láyé. Ojú AIO_PUMP lórí motherboard ni kẹ́ ẹ ti wáyà pọ́m̀pù bọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa yí ní 100%. Ẹ má so ó mọ́ ojú fáànù tó máa ń dín ìyára kù bí kọ̀ǹpútà bá tutù.

ÒgáAtúnṣe:
Ibi tí tèmi ti yàtọ̀ ni ọjọ́ tó bá bàjẹ́. Kúlà afẹ́fẹ́ ní ohun kan ṣoṣo tó ń yí: fáànù. Ó kú? Fáànù 120mm wà nígboro Òṣogbo níbí, síkúrù tàbí wáyà ìkọ́ rẹ̀ lẹ máa tú, iṣẹ́ ti parí. Pọ́m̀pù olómi kú? Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n lẹ̀ pa, kò ṣeé tú, òmíràn lẹ máa rà. Omi inú rẹ̀ náà ń fẹ́ gba ara rọ́bà jáde díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún.

Àmì pọ́m̀pù tó ti kú rọrùn: bẹ́ ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, ooru á fò sókè sí 95 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìṣiṣẹ́ kankan. Ẹ fọwọ́ kan páìpù méjèèjì, ọ̀kan á gbóná, ìkejì á tutù.

Ti eruku wá ńkọ́? Irin pẹlẹbẹ rédíétọ̀ há mọ́ra gan-an. Lásìkò ọyẹ́, eruku á jókòó láàárín fáànù àti irin, á dì bí ìbùsùn òwú. Ẹ ò ní í rí i láti òde, àfi kẹ́ ẹ tú fáànù kúrò. Ti afẹ́fẹ́, ẹ̀ ń wò ó lójú kòrókòró. Ẹ pa iná, ẹ yọ wáyà lára ògiri, ẹ fi ìka di abẹ́ fáànù mú kó má baà yí, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tí ò le gbá a, kí blower tẹ̀ lé e. Ìdí tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ dì í mú ni pé fáànù tí blower bá ń yí ń ṣe iná bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré, ó lè ba ojú ibi tí wọ́n so ó mọ́ jẹ́, ó sì lè ba béárìnì fáànù jẹ́. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ ni. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ìyókù ọdún, oṣù méjì méjì tó.

Ẹ fi fáànù méjì síwájú kéèsì kó máa fa afẹ́fẹ́ wọlé gba inú àsẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn kó máa tì í jáde. Tí èyí tó ń wọlé bá ju èyí tó ń jáde lọ, eruku ò ní í máa gba gbogbo ihò wọlé. Kéèsì tí iwájú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì gbàgìdì, ẹ má tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

ỌmọÌlúAró:
Ẹ ṣeun gan-an, ti afẹ́fẹ́ ni màá mú. Ìbéèrè méjì ló kù: péèsì (ọ̀rá tó ń wà láàárín processor àti kúlà) ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń fi í sórí processor AM5 bíi 7700X yìí, tí etí ìdérí irin rẹ̀ kán wúyẹwúyẹ yẹn? Èkejì, tí iná bá já lójijì nígbà tí render ń lọ, ṣé ooru tó kù ò ní í jó processor?

WáyàDúdú:
Kò ní í jó o. Processor náà ti kú pẹ̀lú iná, kò sí ooru tuntun tó ń jáde mọ́, irin kúlà á gba èyí tó kù. Fáìlì render yín àti SSD ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù fún. Bí inverter yín bá ń pẹ́ kó tó gbà á, ẹ fi UPS kékeré sáàárín.

Péèsì: ẹ lo èyí tí kì í gbé iná, bíi Arctic MX-4. Ẹ kán an sí ojú márùn-ún lórí ìdérí processor, ọ̀kan láàárín, mẹ́rin níhà igun, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ẹ̀wà kékeré lọ. Bí díẹ̀ bá ṣàn sínú etí tó kán, kò bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bó rọ́bà tó wà lábẹ́ kúlà. Ọ̀pọ̀ "kúlà yìí ò dáa" tí wọ́n ń gbé wá síbí, rọ́bà yẹn ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tú ike méjì tó wà lórí motherboard, àmọ́ ẹ fi irin ẹ̀yìn sílẹ̀, òun ni kúlà máa dì mú. Ẹ fún síkúrù méjèèjì díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí tí yóò fi dúró. Ẹ fi wáyà oríta so fáànù méjèèjì mọ́ CPU_FAN (ojú fáànù processor lórí motherboard).

ÒgáAtúnṣe:
Tó bá jẹ́ Èkó ni wọ́n ti máa tò ó, ẹ ní kí wọ́n má so kúlà náà mọ́ ọn. Ó wúwo, ọ̀nà ò sì dáa. Kí wọ́n kó o sínú páálí rẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n yọ GPU náà.

Bẹ́ ẹ bá ti tò ó tán, ẹ fi Cinebench R23 (ètò tó ń gbé iṣẹ́ wúwo lé processor lórí) dán an wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, aago méjì ọ̀sán, kí fèrèsé wà bó ṣe máa ń wà. Nínú Eco Mode 65W, tó bá kọjá 85°C, ẹ tú kúlà, ẹ wo bí péèsì ṣe tẹ́. Bó bá pọ̀ lápá kan tó sì gbẹ lápá kejì, síkúrù kan ni ẹ ò fún dáadáa.