Òjò Kerala ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀: báwo la ṣe ń yí oúnjẹ padà ní ìlànà Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà?

Àjò-ò-dà-bí-ilé: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí. Kochi, ní Kerala, gúúsù Íńdíà, ni mò ń gbé. Nítorí ooru, omi dídì àti lassi (wàrà kíkan tí a lù pọ̀ mọ́ omi) là ń mu, a sì ń sùn lọ́sàn-án. Nǹkan bí ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdu ni òjò sábà máa ń wọlé síbí, àmọ́ ohun tí mo kà ni pé àárín oṣù Agẹmọ ni Varsha, àsìkò òjò, ń bẹ̀rẹ̀. Èwo ni kí n tẹ̀ lé? Ṣé kí n pa gbogbo rẹ̀ tì lọ́jọ́ kan náà ni? Kí ni kí n sì máa jẹ?

Elégbòogi: Àbúrò, ojú ọ̀run ni kó o wò, má wo kàlẹ́ńdà. Àsìkò mẹ́fà ni Ayurveda pín ọdún sí, oṣù méjì-méjì: Shishira (ìparí òtútù), Vasanta (ìrúwé), Grishma (ooru), Varsha (òjò), Sharad (lẹ́yìn òjò), Hemanta (ìbẹ̀rẹ̀ òtútù). Òǹkà yẹn bá àríwá Íńdíà mu ju Kerala lọ, torí òjò yìí kì í sábà dé Delhi títí di ìparí Òkúdu. Bí òjò bá ti ń rọ̀ léra léra ní Kochi, Varsha tìẹ ti dé nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé ni ritusandhi, oríta àsìkò méjì: ọjọ́ méje tó kẹ́yìn èyí tó ń lọ àti ọjọ́ méje àkọ́kọ́ nínú èyí tó ń bọ̀. Wọn kì í já àṣà àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni wọ́n ń yọ lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ ife omi dídì mẹ́rin lò ń mu lójúmọ́, fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rọ́pò ife kan fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, kó di méjì, kó di mẹ́ta, títí ọ̀sẹ̀ méjì á fi pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó o ṣe oorun ọ̀sán. Grishma nìkan ni wọ́n ti fàyè gbà á fún gbogbo èèyàn.

Ìdí rẹ̀ ni pé ooru ń gbẹ ara, vata, agbára afẹ́fẹ́ inú ara, sì ń kó jọ láti Grishma. Kí òjò tó dé, agni, iná inú, ti jó rẹ̀yìn. Òtútù bá a báyẹn, ni vata bá ru: inú á kún fún afẹ́fẹ́, oúnjẹ ò ní dà, oríkèé á máa ro.

Ìyá Olóúnjẹ: Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìkòkò. Omi mímu: lítà kan, ààbọ̀ ṣíbí kékeré atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀, kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sẹ́ ẹ sínú fílásíkì. Ìrẹsì tó ti pé ọdún kan nílé ń dà kíákíá ju ti tuntun lọ. Ẹ̀wà mung (ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé) ló dára jù, pẹ̀lú ṣíbí kékeré ghee (bọ́tà yíyọ́) kan. Oyin díẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé e kaná, wọn kì í sì í po òun àti ghee ní ìwọ̀n kan náà.

Tí oṣù Karkidakam ti kàlẹ́ńdà Kerala bá wọlé (àárín Agẹmọ sí àárín Ògún), ẹ se kanji rẹ̀, ìyẹn ìrẹsì sísè tó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ààbọ̀ ife ìrẹsì njavara (irú ìrẹsì Kerala kan), ife omi mẹ́fà, ṣíbí ńlá kan hulba (èso fenugreek) tí ẹ ti rẹ mọ́jú, ṣíbí kékeré cumin kan. Iná díẹ̀ ni kó fi jinná títí ìrẹsì á fi fọ́. Wàrà àgbọn ife kan ló kẹ́yìn. Bó bá hó gidi, á pín sọ́tọ̀, òróró á léfòó. Hulba tí ẹ ò rẹ ni yóò korò tí yóò sì le lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń mu ún. (Èyí tí wọ́n dì sínú páálí ní ọjà náà wà, àmọ́ ẹ kà á dáadáa, ṣúgà máa ń wà nínú àwọn kan.)

Àjò-ò-dà-bí-ilé: Ẹ ṣeun, mà. Lassi ńkọ́? Wọ́n ní kí n pa wàrà kíkan tì pátápátá.

Elégbòogi: Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ da àsìkò pọ̀ mọ́ra. Sharad, Grishma àti Vasanta ni ìwé àtijọ́ bu ẹnu àtẹ́ lu wàrà kíkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Grishma gan-an ni àwọn ará Íńdíà ń mu ún jù! Ní Varsha, ohun tí kò ṣe ni èyí tó ki, tó tutù, tó sì ní ṣúgà, tàbí kéèyàn jẹ ẹ́ lálẹ́. Omi ife mẹ́ta sí wàrà kíkan ife kan, kí ẹ lù ú, kí ẹ wọ́n iyọ̀, cumin tí a yan àti atalẹ̀ sí i, ọ̀sán ni kí ẹ mu ún.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ dákun, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó sì ń lo oògùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó mu kanji hulba lójoojúmọ́, torí hulba lè fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kọjá ààlà. Aboyún, ẹ yà fún un. Fífi oògùn bì àti ìyàgbẹ́ panchakarma (ìfọ̀nùmọ́ ara ti Ayurveda) kì í ṣe ohun tí a ń dá ṣe nílé. Omi ara á gbẹ. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn oògùn tí wọ́n ti po irin mọ́. Ìwádìí kan ní 2004 yẹ oògùn Ayurveda 70 tí wọ́n rà ní agbègbè Boston wò, 14 nínú wọn ló ní òjé, mákúrì tàbí arsenic.

Àjò-ò-dà-bí-ilé: Mo gbọ́, mà. Òróró yànmọ̀tí tí wọ́n ń fi ra ara ńkọ́?

Ìyá Olóúnjẹ: Ẹ gbé ike rẹ̀ sínú omi gbígbóná títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣíbí ńlá méjì sí mẹ́ta tó fún odindi ara, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú ìwẹ̀, kí ẹ sì fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà mung fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ má ra á nígbà ibà tàbí tí oúnjẹ àná ò tíì dà. Ẹ tẹ́ àpò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, táìlì balùwẹ̀ a máa yọ̀.