Aṣọ àjà Ìjàpá mi ti hunjọ, ìgbéyàwó sì ti dé tán

Ọmọ Àgbádárìgì, Houston: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ gbà mí o. Ọkọ̀ Volkswagen Ìjàpá ọdún 1973 tí mo ń tún inú rẹ̀ ṣe ni wọ́n fẹ́ fi gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Mo ti rán lẹ́dà tuntun sára àwọn àga, mo kó okùn èèpo àgbọn tó ti di ẹ̀tù jáde nínú àga ẹ̀yìn dà nù, mo sì fi fóòmù rírọ̀ rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ aṣọ àjà, ìyẹn aṣọ tó bo abẹ́ òrùlé ọkọ̀, tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ti hunjọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, nígbà tí oòrùn Texas sì mú un, apá kan rẹ̀ já lé mi lórí. Báwo ni mo ṣe lè nà án láìtú gbogbo rẹ̀ palẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Peckham: Àbúrò mi, ẹ fi ti àjà sílẹ̀ ná. Kí ni ẹ fi bo bátìrì tó wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn?

Ọmọ Àgbádárìgì, Houston: Kò sí ohun tí mo fi bò ó, Àǹtí. Ìdérí rẹ̀ ti fọ́ kí n tó ra ọkọ̀ náà.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Háà! Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó jókòó síbẹ̀ o. Apá ọ̀tún lábẹ́ àga yẹn ni bátìrì wà, bí ẹni tó sanra bá sì jókòó lé e, sìpíríǹgì lè rì títí yóò fi kan orí bátìrì, nígbà tí irin àga náà ti fara kan ara ọkọ̀. Iná mànàmáná yóò gba inú sìpíríǹgì kọjá, irin náà yóò pọ́n wẹ̀ẹ̀, ohunkóhun tó bá wà lórí rẹ̀ yóò sì gbiná. Mo ti tú àga kan rí tí abẹ́ rẹ̀ ti jó dúdú, olówó ọkọ̀ náà sì rò pé ọ̀rinrin ló bà á jẹ́.

Ọmọ Ìkòròdú, Manchester: Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an. Àwọn àbúrò ìyàwó mi ni mo gbé sẹ́yìn tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nídìí wọn, owó tí mo fi tún inú ọkọ̀ náà ṣe sì tó owó tí ǹ bá fi wọkọ̀ òfuurufú lọ ṣọdún nílé. Fóòmù rírọ̀ ló fà á. Okùn àgbọn tí wọ́n fi rọ́bà dì pọ̀ le, kì í jẹ́ kí sìpíríǹgì rì.

Bàbá Ẹ̀pẹ́, Toronto: Ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ìyẹn. Orí sìpíríǹgì ni okùn àgbọn máa ń wà, abẹ́ rẹ̀ sì ni bátìrì wà. Kódà bí ẹ bá tẹ́ pákó sórí rẹ̀, ìwúwo àwọn àna yín kò ní lọ síbòmíràn. Sìpíríǹgì yín ló ti dẹ̀, ẹ kò sì bo bátìrì.

Ọmọ Ìkòròdú, Manchester: Pákó á pín ìwúwo náà ká gbogbo sìpíríǹgì, fóòmù rírọ̀ á dà á sórí ẹyọ kan. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹja nìkan lẹ mọ̀.

Bàbá Ẹ̀pẹ́, Toronto: Ẹja tí ẹ ń wá rà lọ́jà Olúwo ńkọ́? Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ Àgbádárìgì ló wá ń da okùn àgbọn nù!

Ọmọ Àgbádárìgì, Houston: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ojú ọ̀nà tiwa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ lọ́dún 1975 nígbà náà lọ́hùn-ún.

Bàbá Ẹ̀pẹ́, Toronto: Ọ̀jọ́ nìyẹn, kì í ṣe Àgbádárìgì.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdérí ló ṣe pàtàkì jù. Rọ́bà nípọn tàbí ike líle ni kí ẹ lò, kì í ṣe irin, kí ẹ sì tú wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan àga. Ní ti àjà, kò sí ọ̀nà àbùjá: gíláàsì iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jáde, torí abẹ́ rọ́bà wọn ni etí aṣọ náà máa ń wọ̀. Gọ́ọ̀mù tó gba ooru ni kí ẹ rà. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn ná: ṣé gíláàsì iwájú yín tẹ́jú ni, àbí ó tẹ̀ kọdọrọ bíi ti Ìjàpá tí wọ́n ń pè ní Super Beetle 1303? Ní ọdún 1973 yẹn, oríṣi méjèèjì ló wà, aṣọ àjà wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

Bàbá Ẹ̀pẹ́, Toronto: Oòrùn tó ń já àjà yín lulẹ̀ yẹn, ẹ bá wa fi díẹ̀ ránṣẹ́. Níbí, lẹ́dà máa ń le gbagidi nígbà òtútù débi pé bí èèyàn kò bá fi ooru omi gbígbóná rọ̀ ọ́, kò ṣeé nà. Àárò ilé ń sọ mí: ọ̀sán gangan, ká tẹ́ lẹ́dà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìkòròdú, Manchester: Bí wọ́n bá ní kí n wá bá wọn yọ gíláàsì náà, ìkòkòrè ni owó iṣẹ́ mi o.

Ọmọ Àgbádárìgì, Houston: Ewùrà wà lọ́jà níbí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà mú púláyà yín dání.