Èsì sí àbá “adágún gáàsì” àti “ìléfòó”

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa.

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé, bí a bá ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ gáàsì abẹ́ ilẹ̀, ká pe ibi tí gáàsì kó jọ sí nínú òkúta ní “adágún gáàsì”, ká pe ìrìn rẹ̀ ní “ìléfòó”, ká sì pe òkúta náà ní “òkúta iyanrìn líle”. Mo fara mọ́ òkúta iyanrìn. Ìyókù ni mo fẹ́ bá yín fà.

“Adágún” ń tan èèyàn jẹ. Ọmọ ilé ìwé tó bá gbọ́ ọ á rò pé ihò ńlá kan wà nísàlẹ̀ tí gáàsì kún dẹ́nu. Kò sóhun tó jọ ọ́. Ẹ wo àmù omi: omi inú ikùn rẹ̀ kọ́ ni mò ń wí, èyí tó wọ ara amọ̀ rẹ̀, tó ń mú ẹ̀yìn rẹ̀ tutù ni. Ara àmù ni gáàsì ń gbé. “Òkúta agbàsára” ni tèmi.

“Líle” náà kò bá a mu. Òkúta lè le bí irin kí gáàsì ṣì máa gba inú rẹ̀ kọjá, bí ọ̀fun tó so àwọn ihò rẹ̀ mọ́ra bá gbòòrò. Dásì ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe rọrùn tó fún nǹkan láti gba inú òkúta kọjá. Henry Darcy ni wọ́n fi sọrí, ará Faransé tó wo bí omi ṣe ń gba inú iyanrìn kọjá ní Dijon, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1856. Irú òkúta tí à ń sọ yìí kì í sábà tó 0.0001 dásì. Nítorí náà, “òkúta iyanrìn ọlọ́fun-tóóró”. Ẹni tó bá ní ó gùn jù, ṣé “ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán” kúrú ni?

Níbi ìrìn gáàsì gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó mú “ìléfòó” wá ń ro ti Niger Delta. Iyanrìn tó wà nínú ìpele ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Agbada níbẹ̀ (kì í ṣe agbádá tí à ń wọ̀ o) ṣì dẹ̀ dáadáa. Gáàsì fúyẹ́ ju omi lọ, á léfòó gòkè títí amọ̀ á fi dí i lọ́nà. Àmọ́ nígbà tí ilé iṣẹ́ Canadian Hunter rí gáàsì Elmworth ní Alberta, ní Kánádà, ní 1976, gáàsì ló wà nísàlẹ̀, omi ló wà lókè rẹ̀. Kí ló wá léfòó? Omi ti há sínú àwọn ọ̀fun yẹn débi pé fífúyẹ́ gáàsì nìkan kò lè ṣí i nídìí. Ìfúnpá láti inú èédú àti àwọn òkúta tó ń bí gáàsì ló ń ti omi síwájú díẹ̀díẹ̀. “Ìtìwọlé” ni mo pe ìyẹn. “Ìfipáwọlé” ì bá dùn, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá ti ni ín.

Ẹ má sì tíì ju “ìléfòó” nù. Ní pápá gáàsì Sulige ní Ṣáínà, tí wọ́n rí ní 2000, àti ní Kuqa ní Ṣáínà kan náà, níbi tí kànga ti ń jìn ju mítà 6,000 lọ, iyàn ńlá kan wà: ṣé gáàsì ló kọ́kọ́ wọlé ni, àbí ọ̀fun ló kọ́kọ́ há? Bí gáàsì bá ti wọlé kí ẹrù ilẹ̀ tó fún òkúta pọ̀, ó lè jẹ́ pé ó léfòó wọ ibẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń rọ iyanrìn sínú ọ̀pá gíláàsì, tí wọ́n á fi omi rin ín, tí wọ́n á wá fẹ́ gáàsì sí i láti ìsàlẹ̀: nínú iyanrìn oníhóró ńlá, gáàsì á yọ́ gòkè bí okùn tín-ín-rín, nínú èyí tó kúnná, á ti omi lọ lódindi. Kọ̀ǹpútà ló wá ń ṣírò ti ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Ẹ jẹ́ ká pe irú iṣẹ́ yìí ní “àfarawé”. “Àwòkọ́ṣe” ni à ń pe bàbá rere, gáàsì kò sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kankan.

Nítorí náà, “ìṣípò” fún ìrìn èyíkéyìí, kí “ìléfòó” àti “ìtìwọlé” jẹ́ irú rẹ̀ méjì. “Ìkójọ” ti tó fún ibi tó parí sí. Ẹni tó ní ká fi “afẹ́fẹ́ ìdáná” rọ́pò gáàsì, propane àti butane ló pọ̀ nínú sílíńdà ilé wa. Methane, gáàsì mìíràn, ló pọ̀ jù nínú ti òkúta, orúkọ yẹn á sì da méjèèjì rú.

Èyí tí n kò rí orúkọ fún ni agbára tí omi fi ń di ọ̀fun òkúta mú. “Ìlẹ̀mọ́” kò tó, gọ́ọ̀mù náà ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Ta ló ní àbá?