Àbọ̀-erékùṣù àbí ahọ́n-ilẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n kan tó kọ̀wé nípa Lẹ́kí dábàá “àbọ̀-erékùṣù” fún irú ilẹ̀ tó jẹ́, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní peninsula: òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà wà ní àríwá, omi ẹnu èbúté Èkó wà ní ìwọ̀ oòrùn, ìlà oòrùn nìkan ló ti so mọ́ ilẹ̀ ńlá. Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Bí àwọn ará Jámánì ṣe ń pè é nìyẹn. Ti Látìnì ní ó kù díẹ̀ kó di erékùṣù. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n ò fara mọ́ ọn.

Létí tiwa, ohun tí kò tíì parí ni àbọ̀, tàbí ohun tí wọ́n là sí méjì. Lẹ́kí gùn tó nǹkan bíi 70 kìlómítà. Kí ló ṣe àbọ̀ níbẹ̀? Ẹ tún wo Victoria Island. Omi ló yí i ká tẹ́lẹ̀, erékùṣù gidi ni. Ìgbà tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dí irà tó wà ní ìlà oòrùn rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ Lẹ́kí. Ṣé ilẹ̀ fẹ̀ sí i tán, ó wá di àbọ̀?

Ahọ́n-ilẹ̀ ni tèmi. Ẹ̀yà ara la ti fi ń pe ilẹ̀ àti omi látayébáyé: etí òkun, ẹnu odò, ẹsẹ̀ òkè. Etí-Ọ̀sà, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ gan-an, ọmọ ìyá wọn ni. Ẹ yanu níwájú dígí kẹ́ ẹ wò ó: itọ́ wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì, ó wà níwájú, ìdí ahọ́n nìkan ló dì mọ́ ẹran. Ẹnìkan sọ pé ilẹ̀ Lárúbáwá, tí òun náà jẹ́ irú ilẹ̀ yìí, fẹ̀ jù fún ahọ́n. Ahọ́n màlúù kì í ṣe ẹgbẹ́ ahọ́n ológbò, síbẹ̀ ahọ́n náà ni méjèèjì.

Ó ku ti iye èèyàn. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ pé “àbọ̀-erékùṣù Lẹ́kí ní 287,785 èèyàn.” Iye ti Etí-Ọ̀sà nìyẹn nínú ìkànìyàn 2006. Ìkòyí wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi ló pààlà sáàárín Ìkòyí àti ahọ́n yìí. Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí tó wà lórí ahọ́n ni wọn ò kà mọ́ ọn. Ìjọba Èkó gan-an ò gba ìkànìyàn náà: ìjọba àpapọ̀ ní 9,013,534 ni gbogbo ìpínlẹ̀, Èkó ní ohun tóun kà lé ní mílíọ̀nù 17.5. Torí náà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí iye yẹn dúró, ẹ yọ Lẹ́kí kúrò nínú gbólóhùn yẹn, kẹ́ ẹ fi Etí-Ọ̀sà rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tó kà á.