Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Hyderabad ní India rí, dísítíríìtì wo lẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù?

Àbẹ̀kẹ́Uppal: Ẹ kú ilé o. Ọdún 2017 ni mo lọ kàwé ní Hyderabad. Uppal ni mo gba yàrá sí. Onílé wo ìwé àdéhùn ayálégbé àtijọ́ kọ tèmi, ló bá kọ Rangareddy síbẹ̀. Nígbà tí mo gbé e débi tí wọ́n ti ń forúkọ àlejò sílẹ̀, wọ́n ní Uppal ò sí ní Rangareddy mọ́. Mo padà lọ, mo kọ Hyderabad, wọ́n tún dá mi padà. Ọjọ́ 14 péré ni wọ́n fún wa láti forúkọ sílẹ̀, ó sì ti ku méjì. Ẹkún ni mo sun délé. Kí lojú tiyín rí?

Ẹ̀gbọ́n2013: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Nígbà tiwa, Rangareddy ni lóòótọ́. October 2016 ni wọ́n sọ dísítíríìtì 10 tí wọ́n pín Telangana, ìpínlẹ̀ tí Hyderabad wà, sí di 31.

ỌmọÌjẹ̀bú: Ṣé Uppal ò sí nínú Hyderabad ni?

Ẹ̀gbọ́n2013: Ìlú lọ́tọ̀, dísítíríìtì lọ́tọ̀. Dísítíríìtì Hyderabad kéré. Ìlú ti kún kọjá rẹ̀ wọ Rangareddy, Medchal-Malkajgiri àti Sangareddy.

ẸniHanamkonda: Ti Àbẹ̀kẹ́ ṣì dáa. Ilé kan ṣoṣo ni mo gbé láti 2015 sí 2022, dísítíríìtì mẹ́ta ló jẹ́. Warangal ni mo bá. Ní 2016 ó di Warangal Urban. Ní 2021 wọ́n ní Hanamkonda ni, wọ́n wá gbé orúkọ Warangal fún Warangal Rural! Báńkì mi ní mò ń purọ́ àdírẹ́sì, wọ́n ti àkáǹtì mi pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

ỌmọÌjẹ̀bú: Ilé kan, ọdún méje? Hmm.

ẸniHanamkonda: Oyè méjì ni mo gbà níbẹ̀. Kí ni màá kó lọ ibòmíì ṣe?

ÌyáÌbejì: Kí wọ́n ṣáà máa pín ilẹ̀. Ọ́fíìsì tuntun, mọ́tò tuntun, owó ará ìlú.

Ẹ̀gbọ́n2013: Mi ò gbà, ìyá wa. Mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ Medaram ní 2014, síbi ọdún àwọn abo òrìṣà Sammakka àti Saralamma. Inú igbó ni. Nígbà yẹn, Warangal lará ibẹ̀ ń rìn dé kó tó rí Collector, ọ̀gá dísítíríìtì. Láti 2019, Mulugu ti dá dúró, ìrìn ti dín.

ÌyáÌbejì: Mandal, ìpín kéékèèké abẹ́ dísítíríìtì, ńkọ́? Torí kí ọ́fíìsì lè sún mọ́ abúlé ni N. T. Rama Rao, olórí ìjọba Andhra Pradesh nígbà náà, ṣe dá a sílẹ̀ ní 1985.

ỌmọÌjẹ̀bú: Bí Ọ̀ṣun ṣe kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991 náà nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n2013: Rárá o. Èyí tó jọ ìyẹn ni ti 2 June 2014, tí Telangana kúrò lára Andhra Pradesh. Dísítíríìtì ò ní gómìnà. Collector tí ìjọba yàn ló ń darí rẹ̀.

KúnléVizag: Àwọn méjèèjì ṣì jọ ni Hyderabad lólú-ìlú.

Àbẹ̀kẹ́Uppal: Ó ti tán. Ọdún 10 lòfin fún wọn, ó pé ní 2024.

ẸniHanamkonda: Ọdún yẹn náà ni lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà ọkọ̀ tuntun ní Telangana di TG. TS ni tèmi. AP ni ti ọ̀rẹ́ mi tó ra ọ̀kadà ṣáájú 2014.

Mojí: Àbẹ̀kẹ́, o ò tíì sọ bó ṣe parí.

Àbẹ̀kẹ́Uppal: Ọmọ onílé ló bá mi lọ. Ó mú ìwé owó iná tuntun dání, Medchal-Malkajgiri ló wà lára rẹ̀. Ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n gbà á.