Ṣé ọ̀pá Balaklava tó ẹ̀rí pé ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin kan wà nínú ìkọlù náà?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí o, ẹ̀yin àgbà. Àmì-ẹ̀yẹ fàdákà kan wà lọ́wọ́ mi, ti ogun Crimea tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn alájọṣe rẹ̀ bá Rọ́ṣíà jà. Orí Ọbabìnrin Victoria àti ọdún 1854 wà níwájú rẹ̀, àwòrán jagunjagun Róòmù tí ènìyàn abìyẹ́ kékeré kan ń dé ládé sì wà lẹ́yìn. Ọ̀pá fàdákà pẹlẹbẹ mẹ́ta ni ó wà lórí ríbọ́ọ̀nù rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ibi tí wọ́n ti jà: Alma, Balaklava àti Sebastopol. Wọ́n fín orúkọ ọmọ ogun kan tí kò ní ipò kankan sí etí rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ ogun ẹlẹ́ṣin 17th Lancers. Ẹni tí ó tà á fún mi ní ọkùnrin náà wà lára àwọn tí wọ́n gun ẹṣin sáré gba inú àfonífojì wọ ẹnu àgbá àwọn ará Rọ́ṣíà ní Balaklava ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1854, ìkọlù tí wọ́n ń pè ní Charge of the Light Brigade. Ǹjẹ́ ọ̀pá Balaklava nìkan tó ẹ̀rí? Èmi kò béèrè nítorí owó. Ọkùnrin náà gan-an ni mo fẹ́ mọ̀.

Ìdáhùn kìíní

Kò tó, ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo ẹni tí ó wà lójú ogun Balaklava lọ́jọ́ náà ni ọ̀pá yẹn tọ́ sí: àwọn ẹlẹ́ṣin Heavy Brigade tí wọ́n ti jà láàárọ̀, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ 93rd Highlanders tí wọ́n dúró gbọn-in-gbọn-in lábẹ́ ọ̀gágun Colin Campbell, àti àwọn mìíràn tí iṣẹ́ wọn kò kan ìkọlù náà rárá. Àwọn tí wọ́n wọ àfonífojì náà tó bíi 670. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kú, àwọn ẹṣin tí ó sì ṣègbé pọ̀ ju àwọn ènìyàn lọ. Lóòótọ́, ìlà iwájú ni 17th Lancers wà pẹ̀lú 13th Light Dragoons, ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ ogun kan náà ni a ti ń rí ẹni tí ó ń ṣàìsàn àti ẹni tí ẹṣin rẹ̀ ti kú, tí kò sì lè bá wọn lọ.

Ìdáhùn kejì

Ẹ wo fínfín orúkọ náà dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn àmì-ẹ̀yẹ yìí ni wọ́n fi ránṣẹ́ láìní orúkọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè dá a padà kí ìjọba tẹ orúkọ sí i, àwọn mìíràn sì sanwó fún alágbẹ̀dẹ fàdákà. Nítorí náà, bí fínfín rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìjọba, kò túmọ̀ sí pé ayédèrú ni.

Ìdáhùn kẹta

Ohun tí ó gba àfiyèsí mi ni pé kò sí ọ̀pá Inkermann, ogun tí wọ́n jà ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ẹlẹ́ṣin púpọ̀ gbà á. Ó ṣeé ṣe kí ó ti fara gbọgbẹ́, kí wọ́n sì ti fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ogun ní Scutari, ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ó sì lè jẹ́ àìsàn ni. Ìwé ìpè orúkọ àti owó oṣù, tí ó wà ní ilé àkójọpọ̀ ìwé ìjọba ní Kew, ní London, lábẹ́ àmì WO 12, ni yóò là á yé wa, nítorí ó ń sọ ibi tí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan wà àti ọjọ́ tí ó kú bí ó bá kú. Ìwé tí wọ́n fi ń dá ọmọ ogun sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, WO 97, bí tirẹ̀ bá ṣẹ́kù, yóò sọ ibi tí wọ́n bí i, iṣẹ́ tí ó ń ṣe kí ó tó wọṣẹ́ ogun, àti ọgbẹ́ ara rẹ̀.

Ó dùn mí púpọ̀ pé orúkọ àwọn ọ̀gágun nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Àwọn ọmọ ogun lásán yìí ni wọ́n la ìgbà òtútù ọdún náà kọjá, nígbà tí ebi mú kí àwọn ẹṣin máa jẹ irun ìrù ara wọn, àwọn mìíràn nínú àwọn ọmọ ogun náà sì kú nínú òṣì nígbà ogbó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ìpè orúkọ ti oṣù kẹwàá sí ìkejìlá ọdún 1854.