Ẹ jọ̀ọ́, kí ni "arch" gan-an? Ọmọ mi ń béèrè

Ìyá Tóbi, Adó-Èkìtì:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Tísà Tóbi ní kí wọ́n kọ ìtumọ̀ "arch" wá lọ́la, mo ní ṣebí èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ kọjá lórí títì téèyàn bá fẹ́ wọ ìlú ni, ló bá ní màmá, ṣé òun náà ló wà lára archbishop? Mi ò rí èsì fọ̀ o. Ẹ gbà mí.

Bíríkìlà Ìyìn:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mà. Èyí tẹ́ ẹ sọ yẹn dáa, ááṣì làwa náà ń pè é níbi iṣẹ́. Tó bá jẹ́ bíríkì la fẹ́ tò, káfíńtà á kọ́kọ́ fi pákó ṣe fọ́ọ̀mù tó tẹ̀, a ó wá máa tò ó bọ̀ lọ́tùn-ún lósì títí a ó fi pàdé lókè, èyí tá a fi há àárín gbẹ̀yìn ló ń di gbogbo wọn mú, tẹ́ ẹ bá sì yọ pákó kó tó gbẹ ó máa wó ni. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ẹrù orí ẹ̀ ń tì sí, ìdí nìyẹn tí ògiri ẹ̀gbẹ́ fi gbọ́dọ̀ ki dáadáa. Ti St. Louis ní Amẹ́ríkà tí wọ́n parí ní 1965, irin ni, gíga ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 630, fífẹ̀ ẹ̀ náà 630!

Nọ́ọ̀sì Ìfàkì:
Ti ẹsẹ̀ náà wà o. Ẹ ní kó ti ẹsẹ̀ bọ omi kó fi tẹ sìmẹ́ǹtì gbígbẹ, ibi tí ò kan ilẹ̀ yẹn, arch ni.

Ọmọ Ìjerò:
Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n o. Èyí tó tẹ̀ wá látinú Látìn, arcus, ìyẹn ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà, ẹ ṣáà mọ bí ọrun ṣe ń rí. Ti archbishop wá látinú Gíríìkì, àgbà tàbí olórí ni, a sáà ń pè é ní bíṣọ́ọ̀bù àgbà. Ti archangel náà nìyẹn, àmọ́ "áàkì" là ń pe tiẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń da àwọn ọmọ láàmú. Kódà Arch Linux, ìyẹn ètò kan tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, tí Judd Vinet gbé jáde ní 2002, ti olórí yẹn ló ní lọ́kàn, kì í ṣe ti ohun tó tẹ̀.

Ìyá Tóbi, Adó-Èkìtì:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Ó ti kọ ti ọrun àti ọfà sílẹ̀, ó sì ti fi ẹsẹ̀ tútù tẹ gbogbo pálọ̀, tiẹ̀ ní arch, ti bàbá ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Archdeacon wá ńkọ́, ti àgbà náà ni àbí?

Ọmọ Ìjerò:
Bẹ́ẹ̀ ni mà, ti àgbà ni.